Ọwọ́ tí Ẹ̀rọ Gé: Ṣé Owó Àjọ NSITF Nìkan ni Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́?

Lẹ́tà mẹ́rin tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Ìlọrin àti gúúsù Kwara ń béèrè ohun kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí iṣẹ́ bá ṣe èèyàn léṣe, ta ni ó tún lè bi léèrè yàtọ̀ sí owó gbà-má-bínú tí ìjọba ṣètò lábẹ́ àjọ rẹ̀ tí a ń pè ní NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund)? A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Asaláàmù aléékúmù, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan nílùú Ìlọrin. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po fúláwà fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé, ìka mẹ́ta sì bá a lọ. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ọ̀gá wọn ti pe ẹnì kan wá láti ìta kó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe. Onítọ̀hún yọ irin tó bo ẹnu ẹ̀rọ, kò dá a padà, ó ní òun ń bọ̀ wá parí iṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kó ẹrù àbúrò mi, mo rí irin náà níbi tí wọ́n fi tì sí ẹ̀yìn ààrò, tí wọ́n kó àpò fúláwà òfìfo lé e lórí. Ọ̀gá san owó ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó rán Alángùá, olórí àdúgbò wa, àti àlùfáà méjì wá sílé pẹ̀lú ₦150,000 àti ìwé kan tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, pé kí àbúrò mi fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́fà ni ó kà. Bàbá wa ní kí a gbà á, pé kádàrá ni, àti pé èèyàn kì í bá ẹni tó ń bọ́ ọ ṣẹjọ́. Ṣé ibi tó yẹ kí ó parí sí nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláàmù. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá wa kí àbúrò yín pé ó kú ewu. Orí ìwé náà ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí, nítorí òun ni ó lè ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù lọ. Kí àbúrò yín má tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ bí ó ṣe ṣòro tó láti dá Alángùá padà lẹ́nu ọ̀nà, pàápàá tí ó bá mú àwọn àlùfáà dání, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ dúpẹ́, pé àdúrà wọn á gbà, àti pé agbẹjọ́rò ni yóò kọ́kọ́ wo ìwé náà. Òfin Employees' Compensation Act, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, kò gba òṣìṣẹ́ láyè láti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun sí owó gbà-má-bínú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, òfo ni lójú òfin. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ irú ìwé yìí kí ó tó ka ojú ìwé wa, kí ó má ṣe jókòó sílé kó máa sunkún pé ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ yóò fi lọ dá ìjà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti owó náà. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fi ₦150,000 ṣe ìrànwọ́ ìtọ́jú, ẹ lè gbà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó oògùn àti oúnjẹ ni, kì í ṣe owó ìparí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó wà nínú àpò ìjọba ná, kí á lè mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Lábẹ́ òfin 2010 yìí, gbogbo ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́ ní láti máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí àpapọ̀ owó tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù sí ọ̀dọ̀ àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ láti inú owó òṣìṣẹ́. Àpò yìí ni a ti ń san owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, láìbéèrè ẹ̀bi ta ni. Kí àbúrò yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín sọ fún ọ̀gá tàbí alábòójútó ibi iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14: orúkọ ẹni tó fara pa, ọjọ́ àti àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á, ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Ìwé ìbéèrè fún owó náà sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Ó dára pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ san owó ọsibítù, nítorí kò lè ní òun kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ tí ẹnì kan níbẹ̀ ti fọwọ́ sí pé òun gbà á.

Owó oṣù àbúrò yín àti bí ìpalára náà ṣe tó ni àjọ yóò fi ṣírò ohun tí yóò san. Bí owó oṣù rẹ̀ bá kéré, ohun tí wọn yóò san yóò kéré. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣírò ìrora, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ṣírò pé ọwọ́ tí ọmọkùnrin ọdún 26 fi ń jẹun, tí ó fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́, tí ó sì ń gbọ́kàn lé pé yóò fi kọ́ iṣẹ́ míì lọ́jọ́ iwájú, kò sí mọ́. Ilé-ẹjọ́ ni a ti lè béèrè ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín fi ṣe pàtàkì sí mi: ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò béèrè rárá, nítorí wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti àjọ nìkan ni ọ̀nà wà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín yàtọ̀ nítorí ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ṣe. Kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni kẹta ni. Òfin 2010 kan náà gbà pé bí ó bá jẹ́ ẹni kẹta ni ó fa ìpalára, òṣìṣẹ́ lè yàn: kí ó gba owó àjọ, tàbí kí ó pe ẹni náà lẹ́jọ́ fún àìbìkítà. Bí ó bá ṣẹjọ́, tí ohun tí ó rí gbà sì kéré sí ohun tí àjọ ìbá san, àjọ yóò san ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba owó àjọ, ẹ̀tọ́ láti lé ẹni kẹta náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó, ẹ jókòó ti agbẹjọ́rò. Kí ọ̀rọ̀ má sì dàrú mọ́ yín lójú: fífi ìjàǹbá tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14 kì í ṣe yíyàn. Ẹ ṣe ìyẹn lónìí.

Ohun tí agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ta ni ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ṣe gan-an. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi àpò irinṣẹ́ rẹ̀ káàkiri àwọn ilé búrẹ́dì, ẹ lè borí rẹ̀ nílé-ẹjọ́ kí ẹ má rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìdájọ́ kò lè mú owó jáde níbi tí owó kò sí. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà ni ó rán an wá, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí ẹni tó rán èèyàn níṣẹ́ ni yóò dáhùn fún àṣìṣe tí ó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ wá rìsíìtì tó gbà fún àtúnṣe, ẹ wá nọ́ńbà tí ọ̀gá fi pè é, ẹ wo ara ẹ̀rọ bóyá wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń bójú tó o mọ́ ọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni àbùkù rẹ̀ ti wá, ìyẹn náà ní òfin tirẹ̀, pàápàá òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó mú kí ẹni tó ta ọjà tó ní àbùkù dáhùn fún ohun tí àbùkù náà bá bàjẹ́.

Ọ̀gá wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ṣọ́ra, kí n má bàa fi ìrètí òfo fún yín. Abala 12 nínú òfin náà sọ pé owó gbà-má-bínú ni ó rọ́pò ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti pe ọ̀gá rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí ìpalára tó wáyé lẹ́nu iṣẹ́. Àdéhùn ni: ọ̀gá ń dá owó sí àpò lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ ń gbà láìní láti fi ẹ̀rí ẹ̀bi hàn, ọ̀gá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò dá owó kankan rí ńkọ́? Lójú tèmi, kò tọ́ kí ẹni tí kò mú ipa tirẹ̀ nínú àdéhùn ṣẹ tún sá sábẹ́ àdéhùn náà nígbà tí ìyà bá jẹ ẹlòmíràn. Àwọn agbẹjọ́rò ń jiyàn lé e lórí, ilé-ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka nílùú Ìlọrin, sì ti ń gbọ́ ẹjọ́ àìbìkítà lórí ìpalára ibi iṣẹ́. Àtúnṣe kẹta sí òfin orílẹ̀-èdè 1999 ni ó fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ààbò ibi iṣẹ́ sábẹ́ àṣẹ ilé-ẹjọ́ yìí. Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NSITF ní Ìlọrin, kí ẹ béèrè bóyá ilé búrẹ́dì náà forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ. Ìwé kan ṣoṣo yẹn lè yí ọ̀nà tí agbẹjọ́rò yín yóò gbà padà.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ọ̀gá kò ní lè kàn nawọ́ sí ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà ẹjọ́ awakùsà kan ní Scotland lọ́dún 1937 ni òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ pèsè òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ tó mọṣẹ́, irinṣẹ́ tó péye àti ìlànà iṣẹ́ tí kò léwu, àti pé kò lè gbé ojúṣe yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó ní òun ti bọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, Factories Act, sì ní kí wọ́n bo ibi tó bá léwu lára ẹ̀rọ. Fún ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lo ẹ̀rọ náà ní ẹnu ṣíṣí, ọ̀gá tó pe ẹni tó wá tún un ṣe sì yẹ kó mọ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọn kò ní fún yín lówó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lẹ́yìn àbẹ̀wò wọn yóò di ẹ̀rí, ó sì lè gba ìka ẹlòmíràn là ní ilé búrẹ́dì náà.

Irin tó wà lẹ́yìn ààrò yẹn, ṣé ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀? Bí ẹ kò bá tíì yà á, ẹ wá bí ẹnì kan níbẹ̀ yóò ṣe bá yín yà á kí wọ́n tó gbé e kúrò tàbí kí wọ́n tó dè é padà, kí fọ́tò náà sì fi hàn pé lẹ́yìn ààrò ni ó wà, pẹ̀lú àwọn àpò lórí rẹ̀. Ní gbogbo lẹ́tà yín, gbólóhùn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìdájí ọjọ́ náà sílẹ̀, àti ohun tí oníkálukú rí, nísinsìnyí tí ó ṣì wà lọ́kàn wọn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó sọ ìka wo ni ó lọ àti bí ọwọ́ náà ṣe lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì jọ, ti oògùn, ti ọkọ̀, títí dé ti báńdéèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá yín, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Kádàrá ni lóòótọ́ pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa bi àwọn àlùfáà tó bá Alángùá wá léèrè nípa díyà, ẹ̀san tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n ṣe léṣe: wọ́n mọ̀ ju tèmi lọ pé nínú ìlànà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run fi lélẹ̀, ràkúnmí mẹ́wàá mẹ́wàá ni ẹ̀san ìka kọ̀ọ̀kan, ìka kékeré kò sì yàtọ̀ sí ìka ńlá. Ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kò ní fi ìyẹn ṣírò, ṣùgbọ́n ó yẹ kó fi bàbá yín lọ́kàn balẹ̀ pé ẹni tó gba kádàrá gbọ́ ṣì lè béèrè ẹ̀san ohun tí wọ́n bàjẹ́ lára rẹ̀.

Ní ti owó agbẹjọ́rò, ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn tí kò lówó ní agbẹjọ́rò. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, èyí tó di ₦70,000 ní 2024, ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìjàǹbá sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Lébìrà ni mí. Ilé alájà mẹ́ta kan ni a ń kọ́ ní Ọ̀ffà nígbà tí pákó tí a ń dúró lé já, mo sì ṣubú láti òkè kejì. Ẹsẹ̀ mi òsì kán. Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun ni àwọn ará ibi iṣẹ́ gbé mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì wà fún ọ̀sẹ̀ méje. Kọngílá ní mi ò kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé ojoojúmọ́ ni òun ń san owó fún mi, kò sì sí ìwé láàárín wa. Onílé wà ní Èkó. Ta ni mo lè bá wí? Lébìrà, Ọ̀ffà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìjìyà, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kọngílá sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Òfin 2010 ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi bá a ṣe àdéhùn. Bí kọngílá bá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín rí, ẹ̀rí ni àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù yín. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni ó fi ń san án, fọ́mánù tó ń pe orúkọ láràárọ̀ àti àwọn tí ẹ jọ ń rú kọnkéré ni ẹlẹ́rìí yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò dáadáa ni ti onílé àti ti ìdójútòfò (ìnṣọ́ránsì). Láti 2003 ni òfin ìdójútòfò ti sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ gbọ́dọ̀ gba ìdójútòfò tí yóò bo ìpalára tàbí ikú tí àìbìkítà òun tàbí ti àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ bá fà fún òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tàbí fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ilé alájà mẹ́ta tí ẹ ń kọ́ wọ inú òfin yìí. Kí agbẹjọ́rò yín kọ lẹ́tà sí onílé ní Èkó, kí ó béèrè orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò tó bo ilé náà. Bí ó bá wà, iléeṣẹ́ náà ní owó láti san. Bí kò bá sí, onílé ti rú òfin, yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń ka lẹ́tà náà. Ẹ wádìí pẹ̀lú pé ta ni ó to pákó tó já: kọngílá ni, àbí káfíńtà tó gba iṣẹ́ náà lọ́tọ̀? Káfíńtà tó gba iṣẹ́ lọ́tọ̀ lè jẹ́ ẹni kẹta bíi ti ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, yíyàn tí mo ṣàlàyé níbẹ̀ sì kàn yín.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí nínú lẹ́tà yín, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Mi ò ní bú àwọn tó ń to eegun, ọ̀pọ̀ wa ni ó ti jàǹfààní ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n adájọ́ àti àjọ kò ní rí ìwé kankan kà láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà, kí dókítà sì kọ ibi tó ti kán àti bí ó ṣe so pọ̀ sílẹ̀. Bí kò bá so pọ̀ dáadáa, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá gbé ènìyàn yín lọ sọ́dọ̀ ateegun, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gba ọsibítù kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ọ̀kadà tí mo gùn lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ni tírélà gbá láàárín Òrò àti Ajàṣẹ́-Ìpo. Èjìká mi yẹ̀, mi ò sì lè gbé ọwọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó mọ́. Ṣé ìjàǹbá iṣẹ́ ni èyí, àbí ti ojú ọ̀nà lásán? Olùkọ́, Òrò.

ÌDÁHÙN: Méjèèjì ni, ìyá wa, ẹ kú ewu. Òfin 2010 ka ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ láàárín ilé òṣìṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́, ó sì kan òṣìṣẹ́ ìjọba bí ó ti kan ti aládàáni. Nítorí náà, ẹ fi tó ọ̀gá ilé-ìwé létí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tírélà àti ẹni tó ni ọkọ̀ náà jẹ́ ẹni kẹta, ẹ sì lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Kò sí ọkọ̀ tí òfin gbà láyè lójú pópó láìní ìdójútòfò tó bo ẹni tí ó bá ṣe léṣe, nítorí náà, ohun tí ẹ nílò jù lọ ni nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, èyí tí ẹ lè rí gbà nínú ìròyìn ọlọ́pàá tó gbọ́ ọ̀ràn náà. Ẹ lọ gba ẹ̀dà ìròyìn náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá olówó ọkọ̀ parí ọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè dá tírélà sílẹ̀, ẹ má gbà kí agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó gbá yín, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pàdánù ẹ̀tọ́ wọn nítorí oṣù mẹ́ta yìí pọ̀, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí wọn tí wọ́n gbé ìwé dé ní oṣù kẹrin.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi kú ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Oṣù kẹjọ rèé. Iléeṣẹ́ náà san owó ìsìnkú, wọ́n sì ní ó ti parí. Ọmọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀, àgbà wọn wà ní ilé-ìwé gíga. Ìyá ọmọ mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀fọ̀, màmá, Ọlọ́run á tu yín nínú. Owó ìsìnkú kò parí nǹkan kan. Lọ́dọ̀ NSITF, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́tọ̀ọ́ sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọkọ rẹ̀, lóṣooṣù, àwọn ọmọ sì wà nínú ìṣírò náà títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 21 tàbí kí wọ́n parí ẹ̀kọ́ yunifásítì àkọ́kọ́, èyí tó kan àgbà yín. Lọ́tọ̀ sí ìyẹn, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí iléeṣẹ́ gba ìdójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ dín sí owó ọdún mẹ́ta òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí iléeṣẹ́ náà bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí ó ní i. Owó yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ti NSITF, gbígba ọ̀kan kò sì dí èkejì. Ẹ béèrè rẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ béèrè orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò náà pẹ̀lú. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí wọ́n gbà láti ìta wá fi àdó fọ́ òkúta ni ó ṣe àṣìṣe tó pa ọkọ yín, ẹjọ́ ẹni kẹta wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ dúró kí ọdún yí po. Ọdún kan ni òfin fi sílẹ̀ fún ìbéèrè owó lọ́dọ̀ NSITF, ẹ sì ti lo oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ẹ mú ìwé ikú rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó yín, ìwé ìbí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìwé owó oṣù rẹ̀ kan tó bá wà nílé, kí ẹ sì gba Ìlọrin lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.